Àtíbàbà Mẹ́ta Lójúde Ọládèjì

Bí ẹ bá rán Ọládèjì àbúrò mi pé kó lọ ra ìbẹ́pẹ kan wá, ẹ tètè wá nǹkan mìíràn jẹ ná. Yóò gbé èyí tó wà lókè, yóò gbóòórùn ìdí rẹ̀, yóò fi ìka tẹ̀ ẹ́, yóò dá a padà, yóò tún gbé òmíràn. Nígbà tí obìnrin tó ń tà á bá ti ń wò ó bí ẹni tó fẹ́ jalè, ìgbà náà ni yóò padà sórí èyí tó kọ́kọ́ gbé. Bó ṣe wà láti kékeré nìyẹn. Bó ṣe fẹ́yàwó náà nìyẹn. Ethel fúnra rẹ̀ ló sọ fún un nígbẹ̀yìn pé bí kò bá mọ ohun tó ń ṣe, òun ń bá tòun lọ, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ló kó ẹbí lọ sílé wọn.

Iṣẹ́ ìjọba ló fi ìwà náà ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Kò sí fáìlì tó dé orí tábìlì rẹ̀ tí kò sùn níbẹ̀. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kì í ṣàṣìṣe, àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ sì ń gbàdúrà kí wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn. Èmi ò bá a ṣiṣẹ́ o, Ethel ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ọláníkẹ́ ni mí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mo ní ilé ìwé jéléósinmi kékeré kan ní Yábàá. Èmi ni mo máa ń fa Ọládèjì lọ́wọ́ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí yóò máa dúró lọ́nà láti ronú lórí ẹsẹ̀ tó yẹ kó kọ́kọ́ gbé bó bá fẹ́ fo gọ́tà. Nítorí náà mo lẹ́tọ̀ọ́ láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Bàbá wa fi ilé kan sílẹ̀ fún wa ní Àgùdà. Ilé ilẹ̀ ni, ó ti ń jò, ògiri rẹ̀ sì ti ń là. Àwa méjèèjì nìkan ni wọ́n bí, a sì jọ fẹnu kò pé kí Ọládèjì wó o, kó kọ́ òmíràn síbẹ̀, kí Màmá wa lè máa gbé inú ọgbà tí wọ́n ti bí wa títí Ọlọ́run yóò fi pè wọ́n. Kí ilé tó parí, Màmá wá ń gbé lọ́dọ̀ mi, nítorí pé yàrá tí Ọládèjì àti Ethel rẹ́ǹtì fún ìgbà díẹ̀ há ju kí ẹni kẹta na ẹsẹ̀ níbẹ̀ lọ.

Jael ni orúkọ Màmá wa, Màmá Jael ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sì ń pè wọ́n, ẹnikẹ́ni tó bá sì mọ̀ wọ́n mọ̀ pé wọn kì í ráhùn. Bí ẹ gbé ọbẹ̀ tí iyọ̀ pọ̀ jù síwájú wọn, tí ẹ bèèrè bó ṣe rí, wọn á ní, "Ó dáa." Bí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà bánkì títí ẹsẹ̀ wọn fi wú, "Ó dáa, ọmọ mi." Wọ́n gbà pé ìyá tó wá ń gbé nílé ọmọ rẹ̀, tó tún ń ráhùn níbẹ̀, ń ba ọmọ náà lórúkọ jẹ́ ni. Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wọn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé òkè pátápátá ni mò ń gbé, lábẹ́ òrùlé gan-an, páànù dúdú sì ni lánlọ́ọ̀dù wa fi bò ó. Bí oòrùn bá ti kan àtàrí, ooru á bẹ̀rẹ̀ sí í ti inú sílìn bọ́ sílẹ̀. Bí iná bá wà, fáànù kàn ń pín ooru náà kiri yàrá ni. Màmá á gbé àpótí wọn, wọ́n á lọ jókòó lórí àtẹ̀gùn níbi tí atẹ́gùn díẹ̀ ti ń gbà kọjá, wọ́n á sì wà níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi tutù. Àwọn ará ilé tó ń gòkè tó ń sọ̀ á máa fò wọ́n kọjá, wọ́n á máa kí wọn, Màmá á sì máa súre fún wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti oorun ọ̀sán Màmá fún yín. Láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré, bí a bá ti jẹun ọ̀sán tán, Màmá á tẹ́ ẹní sí pálọ̀, ilé á sì dákẹ́. Bàbá wa fúnra wọn, tí kì í bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, a máa bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó wọlé. Igi furúùtù ńlá kan ló ṣíji bo òrùlé ilé yẹn, abẹ́ rẹ̀ tutù. A ti gé igi náà kí ilé tuntun lè ráyè fẹ̀. Dókítà sì ti sọ fún wa pé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá ní, kí á má fi oorun ọ̀sán náà dù wọ́n. Lójoojúmọ́, mo máa ń pè wọ́n láti ilé ìwé nígbà tí àwọn ọmọ bá ń jẹun. Kí fóònù tó dún dáadáa ni wọ́n á ti gbé e.

"Màmá, ṣé ẹ ti sùn díẹ̀?"

"Ó dáa, Ọláníkẹ́. Ṣé àwọn ọmọ ti jẹun?"

Mo mọ̀ pé wọn ò sùn. Ta ló ń sùn tó ń tètè gbé fóònù báyẹn?

Ní Àgùdà, ilé dé ibi òrùlé, ó sì dúró síbẹ̀. Ṣàfíù, káfíńtà tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Muṣin, ti to igi òrùlé tán. Igi náà ti ń yí àwọ̀. Gbogbo ìgbà tí Ṣàfíù bá yà, ìbéèrè kan náà ló máa ń bi í.

"Dádì, ṣé ẹ ti yàn án?"

"Mo ń gbé e yẹ̀ wò," ni Ọládèjì á dá a lóhùn, bí ẹni pé Ṣàfíù wá tọrọ iṣẹ́ lọ́fíìsì rẹ̀.

Christopher ọmọ Ọládèjì ti yan tirẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe ní Yábàá, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti ń ṣe nǹkan ní Lẹ́kì, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ àfi kí á ṣe é ní Àgùdà. Òrùlé dúdú tí wọ́n lẹ òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ lára ló fẹ́. Ó fi fọ́tò hàn mí lórí fóònù, àwọn ilé ńláńlá tí wọ́n yà láti òkè.

"Mọ́mì Yábàá, ẹ wo finishing ẹ̀. Black ni everybody ń lò báyìí."

"Ta ló máa gòkè lọ wo òrùlé tiwa?"

"Drone ni wọ́n fi ń yà á, Mọ́mì."

"Ṣé drone náà ló máa sùn nínú ilé ọ̀hún?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi fọ́tò mìíràn hàn mí.

Ọládèjì ní tirẹ̀ ti gbọ́ níbi kan pé páànù funfun kì í fa oòrùn mọ́ra, pé ó ń dá ooru padà sójú ọ̀run, àti pé bí èèyàn bá wá tẹ́ fóòmù pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bébà dídán bò sábẹ́ rẹ̀, ilé á tutù débi pé èèyàn ò ní máa sáré tan fáànù. Ó gbà á gbọ́, kò sì fẹ́ gbà á gbọ́. Páànù funfun, lójú tirẹ̀, òrùlé ilé ìwé ni. Àwọn àgbà ìjọ kan ti sọ fún un pé bó bá fi funfun bo ilé náà, àwọn èèyàn á rò pé ilé àlùfáà ni. Ohun tó bà á lẹ́rù jù ni pé kí ẹnìkan kọjá níwájú ilé Bàbá, kó sì rò pé owó ló tán nígbà tí ó kù díẹ̀ kí iṣẹ́ parí.

Ó bá pinnu pé òun máa dán wọn wò. Ó lọ bá àwọn tó ń ta páànù, ó tọrọ ègé ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ní kí Ṣàfíù ri òpó mọ́lẹ̀ níwájú ilé, níbi tí a ti wó fẹ́ǹsì sí. Bí àtíbàbà mẹ́ta ṣe dúró lójúde nìyẹn, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa, ọ̀kan funfun tí fóòmù rẹ̀ ń dán lábẹ́. Aládùúgbò kan bi í léèrè ohun tó fẹ́ máa tà. Òmíràn bèèrè bóyá ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé àpótí ìdìbò bọ̀.

Ethel jẹ́ nọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Ọládèjì yá ẹ̀rọ tí ó fi ń wo bí ara àwọn aláìsàn ṣe gbóná tó lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé àga rọ́bà kan, ó ń jókòó sábẹ́ àtíbàbà wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ẹ̀rọ náà sí abíyá. Abẹ́ dúdú, ohun kan náà. Abẹ́ pupa, ohun kan náà. Abẹ́ funfun, ohun kan náà. Ó fi fóònù pè mí tìdùnnú-tìdùnnú.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti rí i. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín wọn."

"Ọládèjì, abíyá ẹ lo fi ẹ̀rọ sí?"

"Ibẹ̀ ni wọ́n ń fi í sí."

"Ìwọ lò ń wọ̀n, o ò wọn òrùlé. Ohun tó o rí ni pé ibà ò ṣe ẹ́."

Ó ní èmi náà ò kúkú kà nípa ẹ̀rọ, pé ọmọ kéékèèké ni mò ń kọ́.

Kẹ́ẹ tó mọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó ń ná ọ̀nà Àgùdà ti sọ ibẹ̀ di gáréèjì. Bí ọ̀sán bá pọ́n, wọ́n á pa kẹ̀kẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á wọlé wá jókòó, wọ́n á sì jẹ búrẹ́dì wọn. Abẹ́ funfun nìkan ni gbogbo wọn ń fún ara wọn sí. Ṣàfíù náà, bó bá wá bèèrè ìbéèrè rẹ̀ tán, abẹ́ funfun ló ń lọ jókòó. Abẹ́ dúdú ṣófo gbáú, àfi ajá àdúgbò kan tó dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní òwúrọ̀ kùtù, tí òun náà sì dìde.

Ẹ ò bá rò pé Ọládèjì á rí i. Ó rí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ohun tó rí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo irú àwọn tó ń jókòó sábẹ́ funfun," ó sọ fún mi. "Ṣé òrùlé tí àwọn oníkẹ̀kẹ́ yàn ni kí n fi bo ilé Bàbá?"

"Wọn ò yan òrùlé. Ooru ni wọ́n ń sá fún."

Kò gbọ́. Bó ṣe yan òrùlé dúdú nìyẹn, òun tí kì í tètè yan nǹkan. Christopher bá oní páànù sọ̀rọ̀, wọ́n sì fẹnu kò pé ọjọ́ Mọ́ńdè ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í gé e ní ìwọ̀n ilé wa. Bí wọ́n bá sì ti gé e, tiwa ni, kò sẹ́ni tó máa gbà á padà.

Ọ̀rọ̀ yìí bí mi nínú, ó sì bà mí lẹ́rù. Mo rí i lọ́kàn mi bí Màmá ṣe máa kúrò lórí àtẹ̀gùn tèmi lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ti Ọládèjì, nínú ilé tí a torí wọn kọ́. Mo ti ń wo bí ojú wọn ṣe ń wọnú. Mo sọ ọ́ fún Ọládèjì láìfọ̀rọ̀ bò pé bí ilé yẹn bá gbóná, Màmá ò ní pẹ́ níbẹ̀. Kí ni àbúrò mi ṣe? Ó pe Màmá lórí fóònù.

"Màmá, òrùlé dúdú la fẹ́ lò o. Ṣé kò sí nǹkan?"

"Ó dáa, ọmọ mi."

Ó ní kí n gbọ́ bí Màmá ṣe fọwọ́ sí i.

Ìdílé wa kì í bo ilé láìjẹ́ pé àgbà gbàdúrà sí òrùlé rẹ̀. Torí náà, ní Sátidé, Christopher wá fi mọ́tò gbé èmi àti Màmá lọ sí Àgùdà. Oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà mú gan-an lọ́jọ́ náà. Ọládèjì ti gbé àga onítìmùtìmù kan wá láti ilé rẹ̀, ó tẹ́ rọ́ọ̀gì síwájú rẹ̀, ó sì gbé gbogbo rẹ̀ sábẹ́ àtíbàbà dúdú. Màmá jókòó. Kò pẹ́ tí òógùn fi ń yọ létí gèlè wọn. Wọ́n fa abẹ̀bẹ̀ yọ nínú báàgì, wọ́n ń fẹ́ ara wọn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí á rí òun.

"Màmá, báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?" mo bi wọ́n.

"Ó dáa."

Ọládèjì wojú mi. Mo mọ ìwò yẹn láti kékeré.

Mo ní, "Kí wọ́n jókòó sábẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó máa gbàdúrà sórí òrùlé gbọ́dọ̀ jókòó sábẹ́ àwọn tí wọ́n kọ̀ pẹ̀lú, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àdúrà náà ò pé." Irọ́ ni. Kò sí òfin tó jọ bẹ́ẹ̀ ní ìdílé wa, ibẹ̀ ni mo ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kalẹ̀. Ṣùgbọ́n mo mọ Ọládèjì. Bí ẹ bá ti lè pe nǹkan ní òfin, kò ní jà mọ́.

Christopher gbé àga lọ sábẹ́ pupa. Màmá jókòó níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní ó dáa. Ó tún gbé e lọ sábẹ́ funfun. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tó wà níbẹ̀ dìde, wọ́n dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí Màmá, wọ́n sì sún sẹ́yìn. Màmá jókòó. Wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú. Wọ́n tú gèlè, wọ́n ká a, wọ́n sì gbé e lé itan. Mi ò bi wọ́n ní nǹkan kan, torí mo ti mọ ohun tí wọ́n máa sọ.

Ibẹ̀ ni Ọládèjì ti dìde, tó káwọ́ sẹ́yìn, tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ẹ ò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba rí. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí bí Bàbá ṣe ra ilẹ̀ náà. Ó gba orí ìpìlẹ̀ kọjá. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ṣàfíù fún sùúrù rẹ̀, Ṣàfíù sì wolẹ̀. Ó ṣàlàyé bí òun ṣe gbé àwọn òrùlé náà yẹ̀ wò, ó mẹ́nu ba ẹ̀rọ Ethel, ó wá sọ iyì tó wà nínú òrùlé dúdú. Christopher ń fi fóònù ká ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Èmi ń wo Màmá.

"Nítorí náà, Màmá," ó parí rẹ̀, "a fẹ́ kí ẹ gbàdúrà sí òrùlé dúdú tí a yàn."

Orí Màmá ti tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, abẹ̀bẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì ń hanrun díẹ̀díẹ̀.

"Dádì, wọ́n ti sùn," ọ̀kan nínú àwọn oníkẹ̀kẹ́ sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ọládèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fẹ́ fọwọ́ kan èjìká wọn. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Má jí wọn," mo sọ sí i létí. "Láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò nínú ọgbà yìí, mi ò tíì rí i kí wọ́n sùn lọ́sàn-án."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ó dáa. Gbogbo ìgbà tí mo bi wọ́n ni wọ́n ní ó dáa."

"Ọládèjì, kí ni o ti gbọ́ rí tí Màmá sọ pé kò dáa?"

Ó dúró, ó ń wá a nínú orí rẹ̀. Mo rí i bó ṣe ń wá a, láti orí ọbẹ̀ oníyọ̀ títí dé orí ikú Bàbá, kò sì rí ẹyọ kan. Ó wo òkè, ó wo páànù funfun náà, ó wo abẹ́ dúdú tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó kó wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lórí iyanrìn, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ lásán. Omi bọ́ lójú mi. Mi ò rí i kó ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá ti wà láyé.

Christopher ò mọ ìtàn bàtà, ṣùgbọ́n ó wo bàbá rẹ̀, ó wo ìyá bàbá rẹ̀, ó sì rìn jáde lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú fóònù létí.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má gé e o. A ti yí i. Funfun ni. Rárá, mo mọ ohun tí mò ń sọ, funfun."

Nígbà tí Màmá jí, ojú tì wọ́n. Wọ́n fi gèlè nu ẹnu, wọ́n ní, "Mo ń gbọ́ yín, ó dáa," wọ́n gbójú sókè sí òrùlé tó wà lórí wọn, òun ni wọ́n sì gbàdúrà fún. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé òrùlé dúdú la ní kí wọ́n gbàdúrà sí.

Báyìí, òrùlé funfun ló wà lórí ilé Bàbá, fóòmù dídán lábẹ́ rẹ̀, etí òrùlé náà sì gùn jáde kí oòrùn má baà máa na ògiri. Àwọn èèyàn ń pè é ní ilé àlùfáà lóòótọ́, ẹnìkan tilẹ̀ ti wọlé wá bèèrè ìgbà tí ìsìn ń bẹ̀rẹ̀. Bí àlejò bá yìn ín, Ọládèjì á sọ fún un bí òun ṣe fi ẹ̀rọ wọn ooru lábẹ́ òrùlé mẹ́ta kí òun tó yàn. Mo ti pinnu pé mi ò ní dá sí i.

Lọ́jọ́ kejì tí Màmá kó lọ, mo pè wọ́n láti ilé ìwé nígbà tí àwọn ọmọ ń jẹun. Fóònù dún, ó dún, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo tún un pè, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo bá sáré pe Ethel. Ethel gbé tirẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa.

"Sọ̀rọ̀ sókè," mo ní. "Màmá ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, Àǹtí," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Wọ́n ń sùn ni. Ọládèjì ò sì jẹ́ ká wọ bàtà nínú ilé."